Kànga kọ́ ni ìṣòro, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìbéèrè yín pé wọ́n ní kí kọmití yín kọ ìṣòro ìlera àdúgbò sílẹ̀ kí ètò ìdènà àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, pé ohun tẹ́ ẹ sì ti kọ ni "a ò ní omi, a ò ní ilé ìwòsàn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Irú nǹkan tá a kọ nìyẹn nígbà tiwa, ó sì gbà wá lóhun tó lé lọ́dún kan.

Ìgbẹ́ gbuuru ló ń dà àwọn ọmọ kéékèèké láàmú, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. A ṣe míítìn, àwọn tóhùn wọn ròkè jù ní àìsí kànga ló fà á, la bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ìṣòro wa ni àìsí kànga." A dáwó, a tọrọ, a sáré kiri, wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa, omi ẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wọn ò rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìyá ṣì ń gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn. Ó dùn mí gan-an torí èmi ni mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tí mo ń fi dá wọn lójú pé á tán. Èyí tó tún wá burú jù ni pé a ò lè sọ bóyá ó tiẹ̀ dín kù, torí a ò ka ọmọ kankan kí wọ́n tó gbẹ́ kànga.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là wá lóye. Ó ní kànga kì í ṣe ìṣòro, ohun tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni, ẹ kàn ń pè é ní ìṣòro. Ó ní gbólóhùn yín gbọ́dọ̀ ní èèyàn nínú: ta ló ń ṣàìsàn, kí ló ń ṣe é, ibo ló ń gbé, ìgbà wo ló ń pọ̀ jù, mélòó nínú mélòó. Mo wo tiwa, kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo "mélòó nínú mélòó" yẹn o. Ká sọ pé ọmọ 18 ló ṣàìsàn lápá òkè, 9 lápá ìsàlẹ̀, gbogbo yín lẹ máa sáré lọ sókè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọ 600 ló wà lókè, tí 150 péré wà nísàlẹ̀ ńkọ́? 3 nínú 100 nìyẹn lókè, 6 nínú 100 nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló burú ní ìlọ́po méjì. Rẹ́jísítà ilé ìwòsàn ò sì tó o, torí àwọn tó bá dé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ẹni tílé ẹ̀ jìn, ẹni tí ò lówó ọkọ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nílé, wọn ò sí níbẹ̀, àwọn yìí náà ni kì í wá sí míítìn, wọn ò ráyè.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé sí ilé nìyẹn, ìbéèrè kan náà fún gbogbo èèyàn: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ọmọ kan tí ò tíì pé ọdún 5 nínú ilé yìí yàgbẹ́ gbuuru tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́? A kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tá a máa pè ní ìgbẹ́ gbuuru, torí tí kálukú bá ń ka tiẹ̀ lọ́tọ̀, iye yẹn ò lè wúlò. Ibẹ̀ la ti rí i pé ilé tọ́mọ ti ń ṣàìsàn àti ilé tára ọmọ ti yá, kànga kan náà ni wọ́n ń pọn. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú omi sí ló yàtọ̀: nílé tọ́mọ ti ń ṣàìsàn, ike ẹlẹ́nu gbàgàdà ni, tí ò ní ìdérí, tí gbogbo ọwọ́ ń wọ inú ẹ̀. Omi mọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń dọ̀tí nílé. Irú ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé.

Ohun tí dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854 nìyí, nígbà tí onígbáméjì ń pààyàn ní àdúgbò Soho. Ó ya ilé àwọn tó kú sórí máàpù, wọ́n sì yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká, ṣùgbọ́n ó tún bèèrè nípa àwọn tí ò kú, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí tó wà nítòsí ẹ̀rọ yẹn tó jẹ́ pé bíà ni wọ́n ń mu. Ẹ bèèrè nípa ẹni tára ẹ̀ le náà.

Gbólóhùn wa tuntun wá di "àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 lápá ìsàlẹ̀, iye báyìí nínú iye báyìí ló yàgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ méjì, ó sì pọ̀ jù nílé tí wọn ò ti ń bo omi mímu." Ẹ ò rí i pé ohun tó yẹ ká ṣe ti hàn nínú ẹ̀: ike ẹlẹ́nu tóóró tó ní ìdérí, chlorine (oògùn tó ń pa kòkòrò) nínú omi, ọṣẹ. Owó ẹ̀ kéré gan-an sí owó kànga.

Èwo lẹ máa kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ omi àbí ti ilé ìwòsàn? Ẹ wo iye èèyàn tó kàn, bó ṣe le tó, àti bóyá ohun tọ́wọ́ yín tó máa ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀nà ìṣirò Hanlon, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń mọ ìṣòro tó yẹ kó ṣíwájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka bó ṣe le tó, wọ́n á rò ó mọ́ iye èèyàn tó kàn, wọ́n á wá fi ohun tó lè ṣiṣẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀, tíyẹn bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀.

Nípa ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ kọ yẹn, ta ló kú tàbí tó pẹ́ jù lójú ọ̀nà torí pé kò sí níbẹ̀? Tó bá jẹ́ àwọn aláboyún tó ń rọbí lóru ni, ó lè jẹ́ ọkọ̀ àti awakọ̀ tó máa gbé fóònù lóru lẹ nílò. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn obìnrin náà.