Oúnjẹ freeze-dried fún ọdẹ tó fẹ́ sùn sígbó: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mú àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ ní àwọn ọmọ yín fi páálí oúnjẹ freeze-dried, ìyẹn oúnjẹ gbígbẹ inú àpò tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rọ̀, ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, pé ẹ̀yin mẹ́ta fẹ́ lo òru mẹ́rin nínú igbó lápá odò Ṣáṣá, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan tó yín jẹ, àti èwo ni kẹ́ ẹ yàn nínú rẹ̀. Ẹ mú un fún oúnjẹ alẹ́ nìkan, àpò kan fún ẹnì kan. Gààrí, ẹ̀pà àti kílíṣí ló máa gbé yín láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tó bá kó oúnjẹ aláàpò yìí nìkan wọ igbó, omi ló máa kọ́kọ́ dá a lágara, ebi á sì tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya oríṣi méjì tó sábà máa ń wà nínú páálí kan náà sọ́tọ̀. Ojúlówó freeze-dried, wọ́n á sè é jinná, wọ́n á dì í gbagidi, wọ́n á wá fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde títí yìnyín ara rẹ̀ á fi fò lọ láì di omi mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tí ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Omi gbígbóná máa ń tètè wọ ihò yẹn, ìṣẹ́jú 8 sí 10 ó ti rọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n kàn fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ. Tiẹ̀ máa ń sún kì, ó máa ń le, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 20, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kaná kó tó ṣeé jẹ. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò dáadáa. Èyí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sè nínú ìkòkò, ilé ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ wá ẹran látàárọ̀ kò ní agbára àtifọ ìkòkò tó jóná lálẹ́.

Ẹ̀yìn àpò yẹn náà ni ìpinnu gidi wà. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé àpò kan tó ẹni méjì. Kò tó ẹni méjì tó rìn nígbó. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni kálórì, ìwọ̀n agbára tó wà nínú gbogbo àpò. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 500 sí 700, oúnjẹ ẹnì kan nìyẹn. Àwọn kan máa ń kọ kálórì ìpín kan sí iwájú, wọ́n á wá fi iye ìpín pamọ́ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi iye ìpín sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìwọ̀n gíráàmù pín kálórì. Tí àpò bá jẹ́ 140 gíráàmù tó sì ní kálórì 600, gíráàmù kan ní 4.3, ó dára. Mẹ́rin sókè ni kẹ́ ẹ máa mú. Èyí tí kò bá tó 3.5, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ kàn ń ru ẹrù ni. Purotéènì náà ńkọ́? Tó bá tó 25 gíráàmù nínú gbogbo àpò, mo fara mọ́ ọn. Èyí tó ní 10 péré, ìrẹsì àti sítáàṣì lásán ni.

Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ o. Àpò kan lè ní sodium, èròjà inú iyọ̀, tó 1,500 mìlígíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó 2,000 lójúmọ́. Ẹni tó ń làágùn máa ń pàdánù iyọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín yín kò gbọdọ̀ jẹ méjì lọ́jọ́ kan, èyí tí sodium rẹ̀ kéré jù ni kẹ́ ẹ sì yàn fún un.

Ní ti irú oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí wọ́n fi mílíìkì àti ṣíìsì sè kúrò, pàápàá makarónì aláṣíìsì tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Ikùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa kò gba mílíìkì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé, inú kíkùn lásán ni. Nígbó, níbi tẹ́ ẹ ti ń dákẹ́ de ẹran, tí omi sì wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru lè fòpin sí gbogbo ìrìn náà. Èyí tó jẹ́ kìkì ẹ̀wà náà, ẹ dín in kù, gáàsì rẹ̀ pọ̀. Ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ, tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ẹran málùú lílọ̀, òun ló máa ń bá wa lára mu jù. Ẹran lílọ̀ sàn ju ẹran gígé lọ, torí ìta ẹran gígé lè ti rọ̀ kí àárín rẹ̀ ṣì le gan-an. Ó máa ń tẹ́ lẹ́nu wa, ẹ di ata gígún àti edé gígún sínú ọ̀rá kékeré dání. Epo pupa síbí ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálórì 120, oúnjẹ díẹ̀ ló fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti rọ̀ tán ni kẹ́ ẹ dà á sí i. Tí epo bá kọ́kọ́ bo oúnjẹ gbígbẹ lára, omi ò ní ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù. Àpò kan ń fẹ́ omi bíi 350 sí 500 mìlílítà. Fún ẹ̀yin mẹ́ta, lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ nìyẹn lálẹ́ kan, láì tíì ka omi mímu. Nígbà òjò, ìṣàn omi wà káàkiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò kéékèèké máa ń gbẹ, ìwúwo omi tẹ́ ẹ máa rù á sì gba gbogbo ìfúyẹ́ tí oúnjẹ náà ní lọ́wọ́ yín. Èyí tó wá le jù fún yín ni pé kì í ṣe gbogbo omi ni síse ń tún ṣe. Tí omi bá hó kútúkútú fún ìṣẹ́jú kan, ó ti pa kòkòrò àrùn, ilẹ̀ wa ò ga débi tẹ́ ẹ fi nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa wúrà ti da ọ̀pọ̀ odò rú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè Iléṣà àti Atákúnmọ́sà. Mercury, irin olómi tí àwọn awakùsà fi ń ya wúrà sọ́tọ̀, àti òjé tó bá wọ omi, iná kì í lé e jáde. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni wọ́n á túbọ̀ máa ki sí i. Bákan náà ni odò tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ oko kòkó tí wọ́n ti ń fọ táǹkì oògùn. Tẹ́ ẹ bá rí omi tó pọ́n bí amọ̀ láìsí pé òjò rọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá rí kòtò awakùsà lókè rẹ̀, ẹ má ṣe fi se nǹkan kan, ẹ má sì mu ún. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará abà tó wà lẹ́nu igbó, wọ́n mọ orísun tí àwọn fúnra wọn ń pọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe oúnjẹ náà nìyí. Ẹ ya ẹnu àpò, ẹ kọ́kọ́ yọ àpò funfun kékeré tó wà nínú rẹ̀ sọnù. Irin lúbúlúbú tó ń fa afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ata, kì í ṣe máàgì, ẹni tó bá sì da omi gbígbóná lé e yóò bá a nínú oúnjẹ. Ẹ fọwọ́ tú oúnjẹ náà ká láti ìta àpò. Ẹ wọn omi, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, kó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kó má jẹ́ omi tó ti ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi tó dín díẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ, torí ẹ lè fi kún un, ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi síbí gígùn ro ó kan ìsàlẹ̀, pàápàá igun méjèèjì, ibẹ̀ ni lúbúlúbú gbígbẹ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ pa ẹnu àpò dé, ẹ fi aṣọ wé e. Tó bá dé ìdajì àkókò, ẹ tún ro ó, ẹ tún dé e. Tí wọ́n bá kọ ìṣẹ́jú 10, ẹ fún un ní 13. Ìwàǹwára ló ń jẹ́ kí ìrẹsì máa dún lẹ́nu, irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ tó bá wọ ikùn tán, á máa fa omi ara mọ́ra ni, òùngbẹ àti inú kíkún á sì tẹ̀lé e. Gbàrà tí omi bá ti kàn án, ó ti dà bí oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ó lè bàjẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì, ẹ má fi àjẹkù rẹ̀ sílẹ̀ di àárọ̀.

Ìkòkò kékeré kan àti fúláàsì kan ti tó yín. Ẹ dáná nírọ̀lẹ́ kílẹ̀ tó ṣú, jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ ti máa dẹ ẹran, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní gbé èéfín lọ sọ́hùn-ún. Omi ìyókù ẹ dà á sí fúláàsì. Ẹ má sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n fi agolo gáàsì sítóòfù kékeré ránṣẹ́ nínú ẹrù wọn, ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà á.

Ọ̀sán wá kù. Gààrí ò fẹ́ iná, òun ló fi dára. Fún ẹnì kan lójúmọ́, ẹ wọn gààrí 200 gíráàmù, ẹ̀pà yíyan 100, ṣúgà 40. Èyí ń lọ sí kálórì 1,400, kò sì tó ààbọ̀ kílò. Ẹ fi kílíṣí 60 gíráàmù tì í, Sábó n'Ífẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, inú pépà ni kẹ́ ẹ sì dì í sí, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó làágùn kó sì hu. Tẹ́ ẹ bá fi àpò alẹ́ kan àti síbí epo méjì kún un, ó ti ju 2,300 lọ. Ẹni tó bá tóbi tàbí tó máa rìn lóru, kó fi àádùn kún tiẹ̀. Gààrí tó kan tó sì gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ̀pà tó bá korò tàbí tó dúdú nínú, ẹ dà á nù. Ẹ sì rántí pé omi tútù lẹ máa fi mu gààrí, nítorí náà ti ọ̀sán ọ̀la, alẹ́ òní lẹ máa sè é kó tó tutù. Ẹni tó bu omi odò lé gààrí láìsè é ti gba gbogbo àrùn inú odò náà. Dòdò Ìkirè dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Kẹ́ ẹ tó dì í sápò, ẹ fọwọ́ tẹ oúnjẹ aláàpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ń yọ lára rẹ̀ ti ní ihò. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yìí, oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń yára gba omi inú afẹ́fẹ́, á di rírọ̀, á sì bàjẹ́. Ẹnu ọ̀bẹ àti ọta inú àpò ọdẹ ló ń dá ihò yẹn sí i, nítorí náà kí oúnjẹ ní àpò tirẹ̀. Lálẹ́, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sára igi, kẹ́ ẹ fi epo tàbí kẹrosíìnì pa okùn náà, torí èèrà. Ìjàlọ kì í bọ̀wọ̀ fún ọ̀rá. Àpò tẹ́ ẹ bá jẹ tán, ẹ ká a, ẹ gbé e bọ̀ wálé. Fọ́ìlì wà nínú rẹ̀, kò ní jóná tán, kò sì ní jẹrà.

Kí ọjọ́ ìrìn tó pé, ẹ ṣe ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fẹ́ mú nílé, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán pátá, kẹ́ ẹ sì wo bí ikùn yín ṣe rí di ọjọ́ kejì. Àpò mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan fún àfikún bí òjò bá dá yín dúró, àpò 15 nìyẹn fún ẹ̀yin mẹ́ta.

Ẹ tún bèèrè bóyá kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lè máa gbẹ ọbẹ̀ tiyín. Ẹ má náwó sí i o, àyàfi tẹ́ ẹ bá ní iná tí kì í lọ. Ìgbà kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ náà lè gba wákàtí 20 sí 40. Tí iná bá lọ láàárín, yìnyín lè yọ́ di omi, kí oúnjẹ sì bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Dídì àti gbígbẹ kì í pa kòkòrò àrùn, wọ́n kàn ń dá a dúró ni. Ẹran tútù tẹ́ ẹ bá gbẹ báyẹn, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sè é jinná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kún un níbí, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá kù nínú páálí, ẹ má ṣe fi í sí yàrá tí páànù ń gbóná lé lórí. Ọdún púpọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ibi tútù tó gbẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí líle, nítorí eku.