Apá wo ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà?

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀, heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ń kán wọlé láti inú dírìpù, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ warfarin, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ APTT, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ti àná àti tòní ò jọra rárá, ẹ wá ń bèèrè bóyá láàbù ló ń parọ́. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dídì ní ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwọ̀n oògùn màmá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù ni wọ́n ń fà á sí. Omi díẹ̀ ti wà ńbẹ̀, citrate ni. Òun ló ń so calcium inú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà dì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ìdá mẹ́sàn-án sí citrate ìdá kan ni, ìdí nìyẹn tí ìlà fi wà lára ìgò. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ìlà yẹn, citrate á pọ̀ jù, calcium tí a ń fi kún un ní láàbù ò ní ká a. Ẹ̀jẹ̀ á wá pẹ́ kó tó dì, dókítà á rò pé oògùn ló pọ̀ lápọ̀jù. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa. A máa ń dá a padà ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń bínú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí wọ́n fà á ní apá tí heparin ń gbà wọlé. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bàbá kan wọ inú ẹ̀rọ, ó kọ̀, kò dì. Mo pe wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ní bàbá wà lálàáfíà, kò sí ẹ̀jẹ̀ ní imú, kò sí ní èrìgì. Mo ní, "Apá wo lẹ ti fà á?" Ó dákẹ́, ó ní apá tí dírìpù wà ni, torí iṣan apá kejì ò tètè hàn. Wọ́n fà á ní apá kejì, APTT sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ká ní wọ́n ti dá heparin dúró ni, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí bàbá lẹ́sẹ̀ lè ti já wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ tún wo aago. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n heparin padà, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kí APTT tó sọ òótọ́.

Ti warfarin, INR la fi ń wò ó, òun náà jẹ́ òǹkà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Láàárín 2 sí 3 ni wọ́n ń wá fún irú àìsàn màmá. Iṣẹ́ warfarin kò lè yá, torí èròjà tuntun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti mú ẹ̀jẹ̀ dì ló ń dí lọ́wọ́, àwọn tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ tán ná. Nítorí náà, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń lo heparin àti warfarin pọ̀, títí INR á fi dé 2 tí á sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ̀ wọ́n láti yọ dírìpù ṣáájú. Flagyl àti Septrin máa ń gbé INR sókè, rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ fée sì ń fà á wálẹ̀. Ẹ sọ àgbo tí màmá bá ń mu náà fún dókítà. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe èèwọ̀, kí ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ ṣáà má yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè iye platelet pẹ̀lú, ìyẹn àwọn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dì, pàápàá láti ọjọ́ karùn-ún, torí heparin lè já a wálẹ̀. Bí ìgbẹ́ màmá bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí orí bá ṣàdédé fọ́ wọn gan-an, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èsì wa.