Ológbò Bengal ń fa kọ́tìnì ya, ó ń ké lóru nínú fúláàtì ní Súrùlérè. Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?

Ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ yá gágá, kó jẹ́ pé kò rí nǹkan ṣe ni. Bengal ní ẹ̀jẹ̀ ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Éṣíà lára. Kì í ṣe ẹranko ẹhànnà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí yóò máa sùn sórí àga látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ bá a ṣeré lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, kó máa lé e. Ẹ fi eré tó kẹ́yìn sí ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kẹ́ ẹ sì fún un lóúnjẹ lójú ẹsẹ̀: tó bá ṣọdẹ tán, tó yó, oorun ló kàn. Ẹ wé okùn mọ́ igi tó ga tó mítà kan fún èékánná rẹ̀. Kọ́tìnì á sinmi.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì jẹ́ kí dókítà ẹranko tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, igbe òru yẹn lè jẹ́ pé ó ń wá ẹnì kejì ni. Oṣù 5 ti tó láti ṣe é, akọ tàbí abo.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé ò lè dá a dúró. Wáyà ni kẹ́ ẹ kàn síbẹ̀. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù omi, torí ó fẹ́ràn omi ju bó ṣe yẹ ológbò lọ. Ẹran àti ẹja ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bà. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Bí akọ bá ń rún ara tí ìtọ̀ ò jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.