Ta ló ni gọ́tà iwájú ilé wa? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí káńsù àti ààbò àdúgbò

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin tèmi ní Abẹ́òkúta. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ káńsù àti ọ̀rọ̀ olè ló sì kún inú ẹ̀, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán níbí, mẹ́rin ni mo mú, mo mú wọn torí mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe àwọn tó kọ ọ́ ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ìyá Ìbejì, Ọbántókò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Gọ́tà iwájú ilé wa ti dí látọdún tó kọjá, tójò bá ti rọ̀ báyìí omi á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, iná títì náà ò tàn mọ́, inú òkùnkùn yẹn làwọn tó ń já fọ́ọ̀nù gbà ti ń dúró de èèyàn. Èmi àtàwọn obìnrin méjì lọ sí káńsù kan láàárín ìlú, ẹ̀ẹ̀mejì la lọ, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Ṣé a kì í ṣe ará Abẹ́òkúta ni?

Ìdáhùn:
Ará Abẹ́òkúta pọ́ńbélé ni yín, Màámi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ọbántókò ò sí lábẹ́ káńsù àárín ìlú kankan, abẹ́ káńsù Odédá ló wà. Ìlú kan la jọ ń pe gbogbo ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Aṣẹ́rò tẹ́ ẹ wọ Ọbántókò, tẹ́ ẹ ń lọ sí Kámpù, Òṣíẹ̀lẹ̀, títí dé Àlàbátà níbi tí yunifásítì àgbẹ̀ wà, Odédá lẹ wà yẹn. Aké ni ọ́fíìsì Gúúsù Abẹ́òkúta wà. Àwọn ará Láfẹ́ńwá, Ìta-Òṣìn àti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, Àríwá Abẹ́òkúta ló ni tiyín, Akọ́mọjẹ́ ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Ó dùn mí pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ náwó ọkọ̀ kẹ́nì kankan tó là á yé yín, ẹni tó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn yẹn, gbólóhùn kan péré ló kù kó fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gọ́tà fúnra ẹ̀. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ káńsù síbi kan, ó dárúkọ gọ́tà, ó dárúkọ iná títì, ó dárúkọ ọ̀nà àdúgbò, ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, kíkó ilẹ̀, títí kan fífún títì lórúkọ àti nọ́ńbà sára ilé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá lọ béèrè gọ́tà, ẹ má forí balẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ owó, iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́ lẹ̀ ń béèrè. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí tún dájọ́ pé owó àwọn káńsù tó jẹ́ 774 káàkiri Nàìjíríà, ọwọ́ wọn gan-an ni kó máa dé tààrà látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ẹ rí i pé ó tọ́ ká máa bi wọ́n ní ìbéèrè owó.

Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ má dá lọ mọ́. Ẹ lọ bá akọ̀wé CDA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kó kọ lẹ́tà sórí pépà ẹgbẹ́, kó kọ orúkọ títì, kó sọ ibi tí gọ́tà náà ti dí àti iye póòlù tí iná ẹ̀ ti kú, kẹ́ ẹ fi fọ́tò sí i, fọ́tò ọjọ́ òjò ló dáa jù. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún káńsù, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ìkẹta ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí wọ́n kọ déètì, kẹ́ ẹ gbé e padà wálé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ìgbà téèyàn sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni. Tó bá wá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan, òfin kan wà láti 2011, Freedom of Information Act ni wọ́n ń pè é, tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láǹfààní láti kọ̀wé béèrè ohun tó wà nínú fáìlì ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń dáhùn, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ẹ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí àti àdúgbò tí wọ́n ná an sí. Mo ti rí i tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mú káwọn èèyàn tí ò dá wa lóhùn látijọ́ pè wá lórí fọ́ọ̀nù lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì kan, Aṣẹ́rò:
Àǹtí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa ní aago mẹ́wàá géètì àdúgbò ti gbọ́dọ̀ wà ní títì, mi ò sì bá wọn jiyàn torí olè pọ̀. Àmọ́ tí mo bá dé láago mọ́kànlá, mo lè dúró níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bàbá ọdẹ tó di kọ́kọ́rọ́ mú á ti lọ yípo. Wọ́n tún ní tẹ́náǹtì tí ò bá san owó ọdẹ, àwọn máa fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Ìdáhùn:
Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà. Mo mọ ọ̀rọ̀ géètì yìí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Lóru ọjọ́ kan ní àdúgbò tiwa, ọmọ aládùúgbò mi ò rí èémí mí dáadáa, ikọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, a gbé e sínú mọ́tò, a dé géètì, ó wà ní títì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ sí Èkó láti àárọ̀ láì fi sílẹ̀ fún ẹnì kankan. Irin la fi já àgádágodo yẹn. Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní mi ò lè gbàgbé ọwọ́ ìyá ẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí irin géètì. Látìgbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta la ní, ọ̀kan lọ́wọ́ ọdẹ, méjì nínú ilé tó sún mọ́ géètì jù, nọ́ńbà fọ́ọ̀nù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ọ̀dà kọ sára géètì lápá inú àti lápá òde. Iná ńkọ́, tí ilé kan bá gbaná tí mọ́tò panápaná dé ẹnu géètì tó wà ní títì? Ẹ bi wọ́n léèrè yẹn ní mítìn-ìn.

Owó ọdẹ, ẹ san án, ẹ gba risíìtì. Àmọ́ pé wọ́n máa ti ilẹ̀kùn èèyàn pa, rárá o, CDA kì í ṣe kóòtù, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ò sì láṣẹ láti ti tẹ́náǹtì mọ́ta tàbí gba ẹrù ẹ̀. Tẹ́nì kan bá jẹ gbèsè, wọ́n lè pè é, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́, tó bá le jù wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kékeré.

Oníṣòwò kan, Láfẹ́ńwá:
Kí ló dé tí odò Ògùn fi máa ń kún wá bá wa nígbà tójò ò tiẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ìdáhùn:
Torí omi tẹ́ ẹ rí yẹn, kì í ṣe òjò Láfẹ́ńwá nìkan. Dáàmù Ọyán wà lókè yín, Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní 1983, omi tó lè gbà tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, inú odò Ògùn yìí náà ni Ọyán sì ń dà sí. Àjọ odò Ògùn òun Ọ̀ṣun ló ń bójú tó o. Tójò bá ti pọ̀ jù lókè ọ̀hún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ kí dáàmù má bàa ya, omi yẹn á gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, á máa lọ títí dé Ìṣẹ́rì lápá Èkó. Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù. Ẹ ní kí CDA yín yan ẹnì kan tí yóò máa pe àjọ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, kó máa sọ ohun tó gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí WhatsApp yín. Ṣùgbọ́n omíyalé oṣù Keje 2018 tó pa èèyàn láàárín ìlú wa, òjò ńlá ló fà á, omi ò rọ́nà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ilẹ̀ sí gọ́tà.

Alága CDA kan, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó:
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa mú ọmọkùnrin kan tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ lóru. Wọ́n ti gbé táyà dé kí n tó jáde. Mo dúró ti ọmọ náà títí tí mọ́tò ọlọ́pàá fi dé, wọ́n bú mi, wọ́n ní mò ń gbè sẹ́yìn olè. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá ẹ̀ ń wá sílé mi lójoojúmọ́, ó ní àwọn kan ń béèrè owó béèlì lọ́wọ́ òun. Ṣé ohun tí mo ṣe dáa? Ta ló yẹ ká tiẹ̀ pè, Àmọ̀tẹ́kùn ni àbí So-Safe àbí ọlọ́pàá?

Ìdáhùn:
Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tẹ́ ẹ ṣe dáa, òun ló yẹ kí gbogbo alága ṣe, ká sọ pé wọ́n tan iná yẹn ni, gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ sí i ló ti di apànìyàn lójú òfin, jẹnẹrétọ̀ tá a lè rà mìíràn ni wọn ì bá torí ẹ̀ ti ìgbésí ayé ara wọn bọ ẹ̀wọ̀n. Òfin gbà kí ará ìlú mú ẹni tó bá ń jalè lójú ẹ̀, àmọ́ kíá ló gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ lù ú. Ẹ sọ fáwọn ọ̀dọ́ yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nípa ẹni tẹ́ ẹ máa pè, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni, kódà láìsí owó káàdì lórí fọ́ọ̀nù. Ibàdàn ni wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá ní oṣù Kíní 2020, tiwa ní Ògùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. So-Safe, ẹ̀ṣọ́ ìjọba Ògùn, àti fijilánté ìpínlẹ̀ ti wà ṣáájú wọn. Àwọn wọ̀nyí mọ ilẹ̀, wọ́n mọ igbó, wọ́n gbọ́ èdè wa, wọ́n wúlò gan-an fún ṣíṣọ́ àdúgbò àti fún gbígbọ́ ìròyìn tètè, àmọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú, ọwọ́ ọlọ́pàá náà ni wọ́n máa fà á lé, ọlọ́pàá ló ń gbé ẹjọ́ dé kóòtù. Ẹ ní nọ́ńbà DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, lọ́wọ́, ẹ ní ti olórí Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ní ti ìyá ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé béèlì ò lówó nínú, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ń gba owó béèlì ń rú òfin, ẹ lè fẹjọ́ sùn ní Ẹlẹ́wẹ́ran, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wa. Òfin ìpìlẹ̀ sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀, ṣé ẹ wá rí i pé kò sí ibi kan ní Abẹ́òkúta tó jìnnà sí kóòtù tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni ọjọ́ orí ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti gbà wọlé, ka ẹni tí ò tíì pé ọdún méjìdínlógún sí ọmọdé, wọn ò gbọ́dọ̀ tì í mọ́ ibi tí àgbàlagbà wà, kóòtù tiwọn lọ́tọ̀ ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Tí ìyá náà ò bá lówó lọ́yà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn aláìní ni wọ́n wà fún. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá mọ́, Bàbá. Ẹ bá a lọ lọ́la, ẹ̀yin àti akọ̀wé, ẹ béèrè inú yàrá tí wọ́n fi ọmọ náà sí àti àwọn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.