Ẹ̀rọ Iná Kì Í Jí Ọkàn Tó Ti Dákẹ́

Ìbéèrè: Dókítà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, fẹ́ dáwó ra ẹ̀rọ iná tí wọ́n fi ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Ẹnìkan ní wáyà jẹnẹrétọ̀ náà lè ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dán ti wáyà wò láé. Iná jẹnẹrétọ̀ lè da ọkàn tó ń lù dáadáa rú, ó sì lè pa ẹni tó di wáyà náà mú pẹ̀lú.

Àṣìṣe tó le jù wà nínú ìbéèrè yín gan-an, fíìmù ló sì kó o ràn wá. Nínú fíìmù, ilà tó ń fi lílù ọkàn hàn lójú ẹ̀rọ á lọ gbọọrọ, dókítà á fi iná kan àyà aláìsàn, aláìsàn á sì dìde jókòó. Irọ́ ni. Bí ilà bá ti lọ gbọọrọ, iná kò wúlò mọ́. Àyà títẹ̀ àti abẹ́rẹ́ adrenaline ló kù. Ẹni tí iná wà fún ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì láìlè ti ẹ̀jẹ̀ jáde, tàbí tí ó ń sáré débi pé a kò lè fọwọ́ kan lílù rẹ̀ lọ́rùn mọ́. Iná náà kì í jí ọkàn. Ńṣe ló ń dá gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ìyáàlù bá pa àwọn onílù tó ń lù játijàti lẹ́nu mọ́, kí ibi tí lílù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lè tún gba ipò rẹ̀.

Gbígbọ̀n náà kì í pẹ́ kó tó rẹ̀wẹ̀sì di ilà gbọọrọ. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí iná, láìsí ẹni tó ń tẹ àyà, ń dín ìrètí ìyè kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ́ àyà títẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ìwé mi yìí kò tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò mí tàbí tó kàn ń mí gúlegúle bí ẹni ń hanrun, ẹ pe 112, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi àti ṣíbí sílẹ̀!

Bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AED ni kí ẹ bèèrè, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ọkàn wò kó tó ní kí ẹ ta iná sí i. Ẹ má tì í mọ́ ọ́fíìsì alága. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ àti páàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà yóò parí, ẹ má san kọ́bọ̀.