Ṣé Rìákítọ̀ Kékeré Lè Bá Etí Ọ̀sà Wa Mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nítòsí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe rìákítọ̀ átọ́míìkì kéékèèké tí ewu wọn kò tó ti àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yàtọ̀ nínú wọn, ṣé wọ́n sì lè gbé irú rẹ̀ wá sí etí ọ̀sà wa? — Òǹkàwé yín, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an. Ní Egbin, gáàsì ni wọ́n fi ń se omi, ooru omi náà ló ń yí tọ́báìnì, omi ọ̀sà ló sì ń mú ẹ̀rọ tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti rìákítọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ rí, àyàfi pé yuréníọ̀mù, irin tó ń mú ooru wá bí átọ́mù rẹ̀ ti ń pín, ló wà nípò gáàsì. Ìyàtọ̀ tó ń kó wàhálà báni ni pé bí a bá ti gáàsì, iná kú nìyẹn, ṣùgbọ́n bí a bá pa rìákítọ̀, inú rẹ̀ ṣì ń gbóná fún ọjọ́ pípẹ́. Ní kété tí a pa á, ooru tó kù tó nǹkan bí 6 nínú 100 èyí tó ń mú jáde kí a tó pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima ní Japan ní oṣù kẹta ọdún 2011 nìyí: nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, àwọn rìákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pa ara wọn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n omi òkun ya wọlé, ó bo àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ ìfami tó ń mú wọn tutù ṣiṣẹ́, inú rìákítọ̀ mẹ́ta sì yọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tuntun ti yàtọ̀. Èyí tó wà ní Shidao Bay ní Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwò ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ń lo afẹ́fẹ́ hílíọ̀mù dípò omi láti gbé ooru jáde, wọ́n sì di yuréníọ̀mù rẹ̀ sínú àwọn òkúta roboto tí fífẹ̀ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná tó ń gbé ẹ̀rọ ìtutù rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti dán an wò, ooru náà sì fúnra rẹ̀ jáde láìsí jẹnẹrétọ̀ kankan. Àṣeyọrí ńlá ni èyí lójú wa.

Ṣùgbọ́n bí rìákítọ̀ ṣe kéré kò ní kí owó rẹ̀ kéré. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí àwòrán rìákítọ̀ kékeré ti ilé-iṣẹ́ NuScale ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tì, torí owó rẹ̀ ti ga jù. Agbára rẹ̀ náà kò pọ̀: mẹ́gáwáàtì iná 210 ni ti Shidao Bay, nígbà tí wọ́n kọ́ Egbin fún 1,320. Mẹ́fà irú rẹ̀ kò tíì tó Egbin kan.

Ní ti ọ̀sà wa, Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom ni ìjọba ti dárúkọ rí fún irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe Ìkòròdú. Rìákítọ̀ kan ṣoṣo tí Nàìjíríà ní, tó wà ní Sáríà láti ọdún 2004, ti ìwádìí ni, kì í mú iná wá sílé ẹnikẹ́ni. Èrò tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ tún gíríìdì tí ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà dé ìgbà ṣe ná, nítorí láti orí gíríìdì ni ọ̀pọ̀ rìákítọ̀ ti ń gba iná tí wọ́n fi ń tutù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi í pé níbo ni wọn yóò kó yuréníọ̀mù tí wọ́n bá lò tán sí, torí kò sí èyíkéyìí nínú àwọn rìákítọ̀ tuntun wọ̀nyí tí kì í ṣẹ́ irú rẹ̀ kù.