Ṣé Kí N Dárí Ji Kóòṣì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi tó ń kàwé ní Ohio State ló kó bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sá yẹn, ràn mí. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Michigan, yunifásítì tó jẹ́ orogún wa, nà wá nílé wa, 13 sí 10. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n lé kóòṣì, Ryan Day. Oṣù Kìíní 2025, ọkùnrin yìí kan náà gba ife àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà! Ṣé kí n dárí jì í? — Ìyá Ìbejì, Tankẹ, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má ì tíì dárí jì í tán o. Láti 2021 sí 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra ni Michigan nà án! Ohun tó bí mi nínú lọ́jọ́ 13 sí 10 yẹn ni pé àárín gan-an, níbi tí àwọn géńdé Michigan dúró sí bí ògiri, ló ní kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù gbà ṣáá, bẹ́ẹ̀ Jeremiah Smith, agbábọ́ọ̀lù wa tápá ò ká, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká sọ tòótọ́, ètò tuntun ló yọ ọ́: ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n mú lọ́dún náà láti du ife, mẹ́rin péré ni tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó kọ́gbọ́n. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Notre Dame, 31 sí 7 ti di 31 sí 23 mọ́ Ohio State lọ́wọ́, ó kù díẹ̀ kí ládàánì pe ìrun àsùbá níbí (ìyàwó mi ti kùn títí), ló bá ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù gígùn sí Smith. Ọmọ náà hán an! Notre Dame gba kámú, 34 sí 23.

Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ti Michigan nìkan ni kẹ́ ẹ ṣì dì sínú.